Bí A Bá Mọ Inú Omi

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi ìpàdé régbérégbé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olóyè tí ẹ jókòó síwájú, ẹ̀yin ìyálọ́jà láti Òkè-Ajé, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wá láti Ìwòpín, láti Abìgì àti láti Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin régbérégbé tí ẹ pe ìpàdé yìí, Ọlọ́run á máa dá ẹgbẹ́ sí. Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, mo kí yín.

Alága ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí ní Zanzibar, níbi tí mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní skúbà. Orí òkìtì iyùn la ti ṣe é, nínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ìgbì rẹ̀ kò le. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ibòmíì ni mo gbé wá. Ọ̀sà tiwa ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ta ló wọ iyùn wá síbí lónìí? Ẹ nawọ́ kí n rí yín. Ẹ ṣeun, ọwọ́ pọ̀. Ìjẹ̀bú kì í kúkú lọ sóde lọ́rùn òfìfo. Bó bá di Ojúde Ọba, iyùn lọ́rùn, iyùn lọ́wọ́, kò sí régbérégbé tó fẹ́ kí ti ẹlòmíì pọ̀ ju tòun lọ. Ṣùgbọ́n kí ni iyùn? Ta ló ṣe é? Ẹ̀yin kan ń sọ pé òkúta ni. Kì í ṣe òkúta. Ẹranko ló kọ́ ọ.

Ẹranko ni mo wí o. Ẹranko kékeré tí ò tó èékánná ọmọ ìka, inú òkun ló ń gbé, láti inú omi ló sì ti ń rí ohun tó fi ń kọ́ eegun tí yóò fara tì. Iyùn pupa tó wà lọ́rùn yín yẹn, inú òkun Mẹditaréníà ni èyí tó pọ̀ nínú irú rẹ̀ ti wá, tí àwọn Potogí àtàwọn òyìnbó tó tẹ̀lé wọn ń kó o wá sí etí òkun wa láti bí 500 ọdún sẹ́yìn. Iyùn yìí ní ìbátan nínú àwọn òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ti àwọn ìbátan rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi okùn dè mọ́ ọrùn. Wọ́n á kọ́ eegun, wọ́n á kú, ọmọ wọn á kọ́ tiẹ̀ lé e lórí, ọmọ-ọmọ á tún kọ́ tiẹ̀ lé ti bàbá rẹ̀, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí tí yóò fi di òkìtì tó lè la ọkọ̀ òkun sí méjì. Òun ni òkìtì iyùn. Gbogbo òkìtì iyùn ayé pátá kò gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, síbẹ̀ bí a bá pín irú ẹ̀dá inú òkun sí ọ̀nà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan nínú rẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ọn láti jẹ tàbí láti bímọ.

Ó dáa. Apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ mi nìyí: mímí.

Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bi mí nígbà tí mo dé ni pé, báwo lo ṣe ń mí? Àwọn kan ní mo gbé ọ́síjìn sẹ́yìn. Àwọn àgbà kan tilẹ̀ fa etí mi sápá kan, wọ́n ní kí n sọ òótọ́, ṣé mo lo nǹkan ni. Mi ò lo nǹkan kan. Kì í sì í ṣe ọ́síjìn ló wà nínú sílíńdà yẹn. Afẹ́fẹ́ lásán ni, afẹ́fẹ́ tí a ń mí nínú gbọ̀ngàn yìí gan-an, wọ́n kàn ki í mọ́lẹ̀ títí ó fi di púpọ̀ nínú àyè kékeré. Ọ́síjìn pọ́ńbélé, bí èèyàn bá ń mí i kọjá nǹkan bí mítà 6 sísàlẹ̀ omi, májèlé ló ń dà nínú ara, ó lè fa gìrì. Nítorí náà, ẹni tó bá pè é ní ọ́síjìn, ẹ bá mi tún un ṣe fún un.

Ọdún 1943 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, parí ẹ̀rọ tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni pé, nígbà tí o bá fa èémí, á fún ọ ní afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó bá bí omi ṣe ń tẹ̀ ọ́ mu; nígbà tí o ò bá fà á, á dákẹ́. Ìyẹn náà nìyẹn. Kò sí awo níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀. Òfin àkọ́kọ́, tí wọ́n ń kọ́ ọ kó o tó fi ẹsẹ̀ kan omi: má ṣe sé èémí. Má sé e láé. Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín, ẹ ṣáà mọ̀ pé físíìsì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ yín.

Ẹ wo ìgò yìí. Ìgò omi lásán ni, mo ti mu inú rẹ̀ tán lórí ìjókòó níbẹ̀ yẹn, mo sì ti dé e pa. Afẹ́fẹ́ ló kù sínú rẹ̀. Tí mo bá mú un dé mítà 10 nísàlẹ̀ òkun, yóò rún, àyè inú rẹ̀ á sì ku ìdajì. Ní mítà 20, ìdámẹ́ta ló kù. Ní mítà 30, ìdámẹ́rin. Ta ló rún un? Ìwúwo omi. Mítà 10 omi òkun tó bá wà lórí èèyàn, agbára tó fi ń tẹni mọ́lẹ̀ tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà láti ilẹ̀ yìí títí dé ibi tí òfurufú parí sí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ká ní ìsàlẹ̀ ní mítà 10 ni mo ti fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ìgò yìí dáadáa, tí mo dé e pa níbẹ̀, tí mo wá ń gbé e bọ̀ lókè. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa wú. Nígbà tó bá fi dé òkè, àyè ìlọ́po méjì ló ń wá. Kò sì rí àyè. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ìgò? Ẹ ti dá a lóhùn. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ èèyàn kò sì le tó ìgò yìí.

Bàbá bàbá mi, apẹja ni ní Ìwòpín. Bí àwọ̀n bá há mọ́ kùkùté, wọ́n á sé èémí, wọ́n á mòòkùn, wọ́n á tú u, wọ́n á sì padà jáde. Ìyẹn kò lè bẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fà lókè ni wọ́n gbé lọ, òun náà ni wọ́n gbé bọ̀. Ẹni tó bá lọ fa èémí tuntun nísàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa tú u sílẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ẹ rí i pé ohun tí bàbá àgbà ń ṣe tó dáa fún wọn, òun gan-an ló lè pa ẹni tó gbé sílíńdà. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn: omi ní òfin, ẹni tó bá mọ òfin rẹ̀ ló ń bá a gbé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe kéèyàn kàn máa fò jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ẹ ó rántí Harrison Okene. Oṣù karùn-ún ọdún 2013, alásè ni nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jascon-4. Ọkọ̀ náà dojú dé ní agbègbè Escravos, nínú òkun Nàìjíríà wa níbí, ó sì rì dé bíi mítà 30. Ọkùnrin yìí lo nǹkan bí wákàtí 60 nínú òkùnkùn, nínú ibi kékeré tí afẹ́fẹ́ há sí lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú ni wọ́n bá a láàyè, ọwọ́ ló nà sí wọn. Ẹ̀rù ba àwọn náà. Ṣé wọ́n kàn wọ́ ọ sókè ni? Rárá o. Ara tó ti pẹ́ lábẹ́ omi bẹ́ẹ̀, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ti wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ lọ. Bó bá jáde lójijì, gbogbo rẹ̀ á hó nínú ara, á sì dá ẹ̀mí légbodò. Inú yàrá irin kan ni wọ́n tì í mọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ mìíràn, wọ́n ń dín agbára tí afẹ́fẹ́ inú yàrá náà fi ń tẹ̀ ẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, kó tó di pé ó rìn lórí ilẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà padà lọ kọ́ iṣẹ́ mímòòkùn lẹ́yìn náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Mo gbóríyìn fún un púpọ̀.

Fún àwa tí a kàn ń lọ wo ẹja, wọ́n fi ààlà sí i kí ọ̀rọ̀ má bàa dé yàrá irin. Ẹni tó ń tọ́ ọ wò nígbà àkọ́kọ́ kì í kọjá mítà 12. Ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, mítà 18. Ẹ ṣáà mọ kòtò Erédò tí a ń fi orúkọ Sùngbọ́ pè. Níbi tó ga jù, láti orí bèbè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó mítà 20. Nítorí náà, gbogbo ibi tí mo dé kò jìn tó ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ọwọ́ gbẹ́ yí ìlú yìí ká. Bí o bá ń gòkè, kó má yá ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ku mítà 5 kó o jáde, wàá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 3, wàá máa mí. Bó o bá mòòkùn léraléra, o ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú títí wákàtí 18 yóò fi kọjá. Etí ńkọ́? Kó tó dùn ọ́ ni wàá ti di imú mú, tí wàá fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó bá ro ó, ó ti pẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, géńdé tó ga tó fẹ̀. Ìyá àgbà kan láti Jámánì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa, irun rẹ̀ ti funfun. Sílíńdà kan náà ni gbogbo wa gbé, ìwọ̀n kan náà ni afẹ́fẹ́ inú wọn. Ọ̀rẹ́ mi wọ omi, ó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí a tó ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, aago afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dé ibi pupa, afinimọ̀nà mú un gòkè. Ìyá àgbà yìí ká ọwọ́ sáyà, kò fi í ṣe ohunkóhun, lẹbẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa jáde, afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ṣì kù tó bí ìdajì. Àwọn àgbà ti wí i: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nínú omi ni mo ti rí òwe yẹn tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ẹnikẹ́ni kì í sì í dá lọ. Méjìméjì ni. Afẹ́fẹ́ bá tán lẹ́yìn rẹ, ti ẹnìkejì rẹ lo máa mí títí ẹ ó fi jáde, ẹnu ẹ̀rọ kejì ti wà lára rẹ̀ fún ọ tẹ́lẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ sì kíyè sí àtàǹpàkò yín: bí o bá na àtàǹpàkò sókè lábẹ́ omi, kì í ṣe pé ó dáa lò ń wí. "Mo fẹ́ gòkè" ló túmọ̀ sí, wọn ò sì ní bi ọ́ léèrè ìdí, wọ́n á bá ọ gòkè ni. Bó bá dáa, ìka ìfábẹ̀lá àti àtàǹpàkò lo máa pa pọ̀ di òrùka.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí apá kejì: kí ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀?

Zanzibar, nínú òkun Índíà ló wà, lápá ilẹ̀ Tanzania. Àwọn ilé àtijọ́ inú ìlú rẹ̀, òkúta iyùn tó ti kú ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ní ìlà-oòrùn àríwá, ọ̀kánkán abúlé Matemwe, erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Mnemba, òkìtì iyùn ńlá sì yí i ká. Ibì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Wattabomi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ, nítorí erékùṣù náà ṣíji bò ó, ìṣàn omi kò le. Ilẹ̀ yanrìn funfun tẹ́ lọ bẹẹrẹ, òkìtì iyùn kọ̀ọ̀kan wá dìde lórí yanrìn náà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tó ìwọ̀n 27 Celsius. O máa rí ọwọ́ rẹ, o máa rí ẹsẹ̀ rẹ, o máa rí ẹnìkejì rẹ tó jìnnà sí ọ bí àgbàlá méjì.

Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Omi ń jẹ àwọ̀. Pupa ló sì kọ́kọ́ ń jẹ. Bí ìyá wa tó wọ iyùn níwájú yìí bá bá mi dé ibẹ̀, dúdú ni iyùn ọrùn wọn yóò máa wò lójú gbogbo wa, àfi kí a tan iná sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn. Mo rò pé abẹ́ omi dákẹ́ ni. Kò dákẹ́. Mò ń gbọ́ èémí ara mi, mo sì ń gbọ́ nǹkan kan tó ń dún káú, káú, káú. Mo yíjú. Ẹja kan ni, ó gùn tó apá mi, àwọ̀ ewé òun búlúù ni, orúkọ ẹyẹ ayékòótọ́ ni wọ́n sì fi ń pè é nítorí ẹnu rẹ̀. Ó ń bu òkúta jẹ! Ojú mi báyìí ló ṣe bu iyùn tó ti kú tí ewédò hù lé lórí, ojú eyín rẹ̀ hàn funfun lára òkúta. Ó yí ẹ̀yìn padà, yanrìn tú jáde ní ìdí rẹ̀ bí eruku. Ewédò ni oúnjẹ rẹ̀. Òkúta tó bá bá a wọlé, á lọ̀ ọ́ kúnná, á yà á dànù. Ẹja ńlá kan nínú irú wọn lè ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò yanrìn láàárín ọdún kan. Yanrìn funfun tí àwọn àlejò ń san owó wá tẹ́ aṣọ lé lórí, ikùn ẹja ni apá kan nínú rẹ̀ ti jáde. Ẹja yìí tún ni kì í jẹ́ kí ewédò bo iyùn alààyè mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tán, iyùn náà ń lọ nìyẹn. Ẹja kan ṣoṣo, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo tún rí ẹja pupa kékeré onílà funfun tó ń gbé láàárín ọwọ́ ẹ̀dá kan tí ń ta ẹja mìíràn pa. Oró ẹ̀dá náà ò mú ẹja yìí. Nínú ìdílé ẹja yìí, obìnrin ló tóbi jù, òun ni olórí. Bí ó bá kú, ọkọ rẹ̀ á yí padà, á di obìnrin, á sì jókòó sípò rẹ̀. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ìjàpá òkun ńkọ́? A bá a lórí yanrìn tó ń sinmi, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó tábìlì yìí. Kò sá. Ó wò wá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì gbá omi lẹ́ẹ̀kan, ó gòkè lọ mí, nítorí òun náà kò lè mí nínú omi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń gbé.

Ẹnìkan bi mí nílé pé, o ò bẹ̀rù Olókun? Mo ní ẹni tó bá wọ ilé onílé tí kò fọwọ́ kan ẹrù onílé, ẹ̀rù kí ni yóò bà á? Òfin tó lágbára jù lẹ́yìn mímí ni pé, má fọwọ́ kan nǹkan kan, má sì mú nǹkan kan bọ̀. Ìkarahun lásán, má mú un. Iyùn tí o fi lẹbẹ ẹsẹ̀ gbá dà nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè ti gbà á ju ogún ọdún lọ kó tó ga bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa sọ ọ́: amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí ọ, ọba òkè ń wò ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibẹ̀ dára bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Iyùn ń jìyà. Nínú ara ẹranko kékeré yẹn, ohun ọ̀gbìn kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Oòrùn ló fi ń se oúnjẹ, òun ló sì ń bọ́ onílé. Bí omi bá fi ìwọ̀n Celsius kan péré gbóná ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, onílé á lé ayálégbé jáde. Iyùn á funfun báláú. Bí ooru kò bá tètè rọlẹ̀, ebi á pa á kú. Ní 1998, ọ̀pọ̀ iyùn ló kú bẹ́ẹ̀ nínú òkun Índíà. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kéde pé ó tún ti kárí ayé, ìgbà kẹrin nìyẹn. Èyí tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe ní tààràtà tún wà. Lẹ́bàá Tanzania, àwọn kan ń fi dínámáìtì pa ẹja. Ọdún 1970 ni ìjọba ti fòfin dè é, wọn ò jáwọ́ bọ̀rọ̀. Ẹja ọjọ́ kan ni wọ́n ń kó, ilé ẹja ni wọ́n ń fọ́.

Ní Mnemba, láti 2002 ni wọ́n ti sọ agbègbè náà di ibi àbò. Àlejò tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á san owó. Ó dáa, mo sì yìn wọ́n, àmọ́ tí a bá ní ká sọ òótọ́, ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo rí ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì lé ẹja lámùsóò kiri kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè ya fọ́tò. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Ohun tí a bá fẹ́ràn, a kì í lé e kiri.

Ní báyìí, apá kẹta, èyí tí mo torí rẹ̀ wá. Àwa ńkọ́?

Ẹ ó bi mí pé, ṣé a ní òkìtì iyùn ní etí òkun tiwa? A ò ní in. Iyùn fẹ́ omi tó mọ́ kedere, tó níyọ̀, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ọdún dé ọdún. Etí òkun tiwa, odò ńláńlá ló ń da ẹrẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ sínú rẹ̀. Ọlọ́run kò fi ìyẹn jẹ wá níyà, ọ̀sà ló fún wa. Ọ̀ṣun ṣàn wá, Ọ̀nì ṣàn wá, wọ́n tú sínú Ọ̀sà Lékkí níwájú Ìwòpín níbẹ̀. Ẹja tí ẹ fi se ìkọ́kọrẹ́ lánàá, ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja léèrè ibi tó ti wá. Àwọn tó ń kó o lọ sí ọjà Olúwò ní Ẹ̀pẹ́ wà nínú ìjókòó yìí, wọ́n á sọ fún yín bó ṣe ń kéré sí i.

Kí la ń ṣe sí omi yìí? Àwọn kan ń da oògùn kòkó, Gamalin, sínú odò kí ẹja lè léfòó. Májèlé tí a ṣe fún kòkòrò ara igi! Ẹja náà la ń gbé fún ọmọ jẹ. Àwa yòókù ń ju ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sí gọ́tà, òjò á gbá a, ó di inú ọ̀sà. Mo ti rò ó títí: kí ló dé tí ẹni tí kò ní da ìdọ̀tí sí àgbàlá rẹ̀ á fi dà á sómi? Ìdí ni pé a ò mọ inú omi. Orí rẹ̀ nìkan la mọ̀. Ohun tó bá ti rì, a gbà pé ó ti tán. Afinimọ̀nà tó mú wa wọ omi ní Mnemba sọ fún mi pé apẹja ni bàbá òun, òun náà sì ń pẹja láti kékeré, àmọ́ ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ fi awò bojú wo abẹ́ omi ni òun ò ti lè ju ìdákọ̀ró sórí iyùn mọ́. Ojú rẹ̀ ló rí i. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un.

Àìmọ̀ yẹn kan náà ló bí ìbẹ̀rù. A kì í gbé létí odò ká fi itọ́ ṣanwọ́, àmọ́ ẹ wo iye ọmọ wa tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀! Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní odò Yemọji, ìyá rẹ̀ á ní omi á gbé e lọ. Ìyá ò jẹ̀bi, ó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn á dàgbà, á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kan. Mo ti wọ ọkọ̀ ní agbègbè ọ̀sà yìí tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò tó ìdajì èrò, tí èyí tó wà náà ti ya. Àwọn ọmọ iléèwé wà nínú rẹ̀, àpò ìwé wà lẹ́yìn wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo bi wọ́n.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀sìn ò gbà. Ní Nungwi, ní Zanzibar kan náà, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ètò kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní lílúwẹ̀ẹ́. Aṣọ tó bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ ni wọ́n wọ̀, obìnrin ló ń kọ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa léfòó, bí wọ́n ṣe máa na igi tàbí okùn sí ẹni tó ń rì dípò kí wọ́n bẹ́ sómi tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá lè ṣe é níbẹ̀, kí ló há wa lọ́wọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin régbérégbé, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Owó tí a fi ń ra aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, mi ò ní kí a má rà á o, aṣọ náà yẹ wá. Ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lára rẹ̀. Kí a gba olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní lílúwẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi, nínú omi tí kò mu wọ́n ju àyà lọ. Kí a ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ara ọmọdé mu fún àwọn ọkọ̀ tó ń kó ọmọ iléèwé ní Ìwòpín àti Abìgì. Awò ojú tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi kò wọ́n, kí a ra díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ mú àwọn ọmọ náà lọ síbi tí omi ti mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi awò náà bojú, kí wọ́n wo ohun tó ń gbé níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Èmi náà ni màá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ti ìgò àti afẹ́fẹ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Mo dúpẹ́ pé ẹ gbọ́ mi. Mo rí bàbá wa apẹja láti Ẹ̀pẹ́ tó ti ń nawọ́ látìgbà tí mo ti dárúkọ Gamalin. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba ẹ̀rọ, ẹ sọ̀rọ̀.